Wọ́n Ti Wọjà

Nílé wa, tí wọ́n bá ní ẹnìkan ti wọjà, ẹbí rẹ̀ á káwọ́ lérí ni. Wèrè tó ṣì wà nílé ń gba ìtọ́jú. Èyí tó bá ti wọjà, àwọn àgbà ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn. Ẹ wá wo bí ayé ti yí. Lónìí, èèyàn á wọkọ̀ láti Èkó, á san owó òtẹ́ẹ̀lì, á ra akẹtẹ̀ tuntun dé sórí, torí kó lè wá wọjà l'Óṣogbo. Tó bá wọ̀ ọ́ tán, á gbé fídíò rẹ̀ síta kí ẹni tí ò tíì gbọ́ lè gbọ́.

Lóṣù kẹta, ó kàn mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Múṣin lọmọ yìí ń gbé. Ọjà wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ gan-an, ariwo aláta ló ń jí i láàárọ̀, ṣùgbọ́n orí fóònù ló ti ń ra tòmátò, oníbáìkì á gbé e wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló wá ń wá ọjà bọ̀ l'Óṣogbo.

Igbó Ọ̀ṣun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú wọn lọ. Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, inú igbó yẹn sì tutù bí inú àmù: hẹ́kítà 75, igi lórí igi, tí UNESCO ti kọ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo èèyàn ló ń lọ síbẹ̀." Ó ní ibi tí àwọn ará ìlú gan-an wà làwọn fẹ́ rí. Mo wo ara mi látòkè délẹ̀. Mo ti rò pé ará ìlú lèmi náà.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé ọjà là ń lọ, inú rẹ̀ dùn. Ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ó ní ká bá òun ra ata rodo bọ̀.

Ọjà Ọba wà níwájú ààfin Àtáọ́ja, bí ọjà ọba ti máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin nílẹ̀ Yorùbá. Aago méjìlá ọ̀sán la bọ́ sílẹ̀ nínú kórópe. Páànù ìsọ̀ ń da ooru sílẹ̀, ilẹ̀ ń dá a padà sókè, àwa wà láàárín bí ẹran súyà. Ọlọ́mọlanke kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó kó àpò ìrẹsì, ó ń pariwo, "Ẹ̀yìn o! Ẹ̀yìn yín o!" Dípò kí ọmọ yìí yà, fóònù ló kọ sí i, ó ń mi orí sí ohùn ọkùnrin náà. Ìgbà tí táyà gbá a ní gìgísẹ̀ ló tó mọ̀ pé kì í ṣe orin.

Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja lojú ti tì mí jù. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé létí odò Ọ̀ṣun ni Lároòyè, ọba wa àkọ́kọ́, ti tẹ́wọ́ gba ẹja, pé A-tẹ́wọ́-gbẹja ló di Àtáọ́ja. Kí n má sọ ọ́! Bí a ṣe dé ìsọ̀ ìyá kan báyìí, ọmọ yìí tẹ́wọ́ méjèèjì. "Mọ́mì, ẹ gbé èyí tó tóbi yẹn lé mi lọ́wọ́." Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni, èyí tí wọ́n ká ìrù rẹ̀ bọ ẹnu. Ìyá gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò dáa, irun bojú. Ó tún ọwọ́ tẹ́. Ìyá ní kó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí ìyá fúnra rẹ̀ máa rẹ́rìn-ín, kó sì ṣe bí ẹni tí ò rí fóònù. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀, ọmọ mi, torí ìwọ lo máa kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ mi lónìí." (Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá o.) Ọmọ yìí dá ẹja padà sórí àtẹ, ó fi áńkáṣíìfù nuwọ́, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì. Ó rẹwà."

Ẹja gbígbẹ rẹwà! Mo ti lé ní ogójì ọdún, n kò rí ẹni tó yin ẹja lẹ́wà tí kò rà á rí. Ìyá náà ò wò wọ́n. Èmi ló ń wò. Ni mo bá rà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni mo san, torí ẹni tójú ń tì kì í lè nájà, ẹgbẹ̀rún méjì ìyá mi sì wà nínú rẹ̀.

Ní ìsọ̀ lẹ́kúlẹ́jà, wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta agẹmọ gbígbẹ. Bàbá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní àwọn kàn ń wò ni. Bàbá fa aṣọ bo àtẹ.

Ó kan àdìrẹ. Ìlú aró nìlú wa. Ìtàn ní nígbà tí igi wó sódò, ohùn Ọ̀ṣun ló ké jáde pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Nínú ìlú yìí náà lọmọ yìí ti san ẹgbẹ̀rún méjìlá láìdúnàá-dúrà. Ó gbé aṣọ símú, ó ní òórùn ìbílẹ̀ lòun ń gbọ́. Òórùn ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ni. Aṣọ tí wọ́n bá rẹ sínú aró, aró á là á já dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tiẹ̀ funfun bí ẹfun, lẹ́tà Ṣáínà tín-tìn-tín sì wà létí rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Owó ẹja ṣì ń dùn mí.

Kó tó di aago méjì, ojú ń ṣú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó lórí gálọ́ọ̀nù ẹnìkan, ó ní ẹ̀mí ọjà ń bá òun sọ̀rọ̀. Ooru ni. A da píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lé e lórí, ẹ̀mí náà dákẹ́.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò ni pé àwọn "sọnù sínú ọjà". Láyé ìgbà tèmi, ọmọ tó bá sọnù sínú ọjà, igbá ìyálọ́jà ni wọ́n á mú un lọ jókòó tì, ìyá rẹ̀ á sì fi pankẹ́rẹ́ pàdé rẹ̀ nílé.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. "Ata dà?"

Mo gbé ẹja sílẹ̀. N kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà mí, ó na fóònù sí i. "Mọ́mì, ẹ wá wo ọjà."

Ìyá mi wá awò ojú rẹ̀, ó fi sí i, ó wo fídíò náà láìsọ̀rọ̀. Lójijì ó ní, "Dá a dúró níbẹ̀." Ó fi ìka kan ojú fóònù, lókè èjìká ọmọ náà, níbi tí obìnrin kan ti jókòó sẹ́yìn abọ́ ata rodo mẹ́rin tó pọ́n yòò.

"Èló ló ní òun ń ta abọ́ kan?"