Wọn kì í yọ eyín tó dára nítorí eyín àtọwọ́dá

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ jù ní Abẹ́òkúta, láti Ìtòkú dé Láfẹ́nwá: pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe eyín àtọwọ́dá, dókítà á kọ́kọ́ yọ gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ ìyá aládìrẹ kan tí eyín mélòó kan ti yọ lápá òsì ẹnu rẹ̀. Apá ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹun. Bí oníbàárà bá pa á lẹ́rìn-ín, á yára fi etí ìborùn bo ẹnu. "Ẹ jẹ́ kí n máa lo ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fún mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó ń dùn mí, torí pé ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe òótọ́.

Àgbàlagbà a máa ní eyín 32. Bí díẹ̀ bá yọ nínú wọn, èyí tó máa dí àlàfo náà nìkan ni wọ́n ń ṣe, eyín tó kù ló sì ń dì í mú. Bí wọ́n bá wá yọ ìyẹn náà, kí ni ìkọ́ rẹ̀ fẹ́ gbá mú? Nínú irú eyín àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀, oníke ló wọ́pọ̀ jù: àwọ̀ rẹ̀ jọ ẹran ìdí eyín, ìkọ́ wáyà tín-ín-rín ló fi ń so mọ́ eyín tó wà nítòsí. Owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti àwọn yòókù, wọ́n sì lè fi eyín kún un bí òmíràn bá tún yọ. Onírin fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó lágbára, kì í sábà bo àjà ẹnu tán, àmọ́ ó gbówó lórí. Èyí tó rọ̀, tí kò ní wáyà, ló máa ń wu àwọn tí eyín iwájú wọn yọ, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ le.

Ó níbi tí àṣìgbọ́ náà ti wá. Eyín tó ti ń mì, tó ti jẹrà dé gbòǹgbò, dókítà á yọ ọ́. Ẹni tí gbogbo eyín rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe odindi fún, tòkè tìsàlẹ̀. Aládùúgbò á rí i pé eyín díẹ̀ ló bá lọ, kò sì bá ọ̀kan bọ̀, á wá gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Nínú irú ẹnu bẹ́ẹ̀ pàápàá, bí gbòǹgbò méjì bá ṣì le, dókítà lè fi wọ́n sílẹ̀ kí odindi náà jókòó lé wọn. Ìsàlẹ̀ ni èyí ti wúlò jù: tòkè ń rí àjà ẹnu lẹ̀ mọ́, tìsàlẹ̀ kò ríbi fìdí múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ahọ́n sì ń tì í kiri. Egungun àgbọ̀n tí kò bá sì ní gbòǹgbò eyín nínú mọ́ a máa dín kù, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́.

Àlàfo tí a fi sílẹ̀ gan-an ló lè ba eyín tó kù jẹ́. Eyín ẹ̀gbẹ́ á máa fì sínú rẹ̀, tòkè tí kò bá èkejì rẹ̀ pàdé mọ́ á máa sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ á máa há síbẹ̀.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, kí ẹ sì bi í pé: "Èwo nínú eyín mi ló lè gbé ìkọ́?" Wọ́n á po nǹkan rírọ̀ kan sínú àwo kékeré, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín yín títí á fi le díẹ̀, kí wọ́n lè fi mọ ìrísí ẹnu yín. Kí wọ́n tó parí iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń to eyín náà sórí ìda kí ẹ fi sẹ́nu wò. Ẹ gba dígí lọ́wọ́ wọn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti ní èjí tẹ́lẹ̀, àsìkò yẹn ni kí ẹ sọ ọ́, wọ́n lè fi èjí yín sí i. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di oníke tán, kì í rọrùn láti yí padà mọ́.