Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ọ̀nà Èéfín Kí Ẹ Tó Gbẹ́lẹ̀

Àwọn aláṣẹ ti fọwọ́ sí ọjà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí àárín Ìbàdàn, èsì àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ tí a ti ń bèèrè kò sì tíì jáde. A kò lòdì sí ọjà náà. Ohun tí a ń sọ láti ìgbà tí àwòrán rẹ̀ ti jáde náà la ṣì ń sọ: kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo bí atẹ́gùn àti èéfín yóò ṣe máa rìn níbẹ̀, kí aráàlú rí èsì rẹ̀, kí katakata tó kan ilẹ̀.

Èsì tí wọ́n fún wa ni pé fáànù yóò wà. Fáànù kẹ̀! Ní Ìbàdàn tí gbogbo wa mọ bí iná ṣe ń ṣe? Bí iná bá lọ, fáànù á dákẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ á gbéra sọ. Èyí tó burú jù nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, oorun á tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò tí fáànù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò wúlò fún wa. Kí wọ́n dán an wò nígbà tí fáànù kú, tí ọjà kún dé ẹnu ọ̀nà, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, torí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá nígbà méjèèjì kò dọ́gba.

Aláṣẹ kan ní kọ̀ǹpútà kò lè gbọ́n ju ẹnjiníà lọ. Ní November 18, 1987, iná pa èèyàn 31 ní King's Cross, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi wádìí bí ó ṣe ràn, òun ló sì sọ pé iná náà kò fò sókè bí iná ṣe ń ṣe, pé ṣe ló sùn mọ́ inú àtẹ̀gùn onígi tó ń gbé èrò, tó gbabẹ̀ sáré dé gbọ̀ngàn tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kan ò gbà. Ìgbà tí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ ní kékeré, tí wọ́n finá sí i, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Lẹ́yìn ikú ni tiwọn. Tiwa ṣì lè ṣáájú.

Ẹ má sọ fún wa pé kò sówó. OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó kàwé ẹ̀rọ sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn á dá wa lóhùn "láìpẹ́". Ó ti pẹ́. Kí iṣẹ́ dúró, kí wọ́n pe àwọn ìyálọ́jà àti àwọn panápaná jókòó, kí wọ́n sì fi ibi tí èéfín yóò gbà jáde hàn wọ́n.