Ìsémọ́ kò tíì di ohun àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé Ebola kúrò ní Èkó lọ́dún 2014, pé ìsémọ́, ìyẹn sísé ẹni tó ṣeé ṣe kó ti kó àrùn mọ́lé, ò wúlò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2019 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Ebola. Ní 2014, èèyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà, 8 kú. Nǹkan bí 900 ẹni tó ṣalábàápàdé wọn ni wọ́n wá rí, tí wọ́n ṣọ́ fún ọjọ́ 21.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń dàrú nìyí: yíya aláìsàn sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí sísé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le mọ́lé. Ebola kì í ràn kí àmì rẹ̀ tó yọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣalábàápàdé aláìsàn fi wà nílé wọn, tí òṣìṣẹ́ ìlera ń wá wò wọ́n. Kòrónà ní tiẹ̀ lè ràn kí ẹni tó ní in tó mọ̀; irú rẹ̀ ló ń mú kí ìsémọ́ di dandan. (Ìsémọ́lé ti 2020 ni wá lára, mo gbà.)

Ẹ wo ìkéde Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014, pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà, lórí ìkànnì wọn.