Dádì, Àlá Wo Lẹ Lá?

Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí òun àti àgbò Iléyá sùn mọ́jú nínú ọgbà kan náà. Èmi ò mọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún kò nígbà tí a wọ Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti so àgbò mọ́ ìdí máńgòrò nílé ìyá mi. Kí n tó já ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Àṣàkẹ́ ọmọ mi ti sọ ọ́ lórúkọ. Kevin. Àgbò tí ìwo ẹ̀ lọ́ mọ́ra bíi gèlè ìyàwó, Kevin! Ìyá mi ní, "Kí ló pè é? Kẹfíìnì? Ṣé oríkì ẹ̀ nìyẹn ni?" Làmídì, àbúrò Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ń fún un ní bísíkíìtì. Inú ìyá mi dùn. "Máa fún un, ọmọ mi, ẹran ẹ̀ á lọ́ràá."

Ìgbà yẹn ni Àṣàkẹ́ yíjú sí mi pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rá Kevin ṣe.

Ẹ wò ó, ó ti tó Iléyá ogójì tí mo ti ṣe láyé, kò sẹ́ni tó bi mí nídìí ẹ̀ rí. Ohun tí mo mọ̀ ní kékeré ni aṣọ tuntun, Yídì, àti pé kí n má jìnnà sí ìyá mi lọ́jọ́ tó bá ń dín ẹran. Mo bá jókòó bí àáfà. Mo ní Ọlọ́run fi han Ànábì Ibrahim lójú àlá pé kó fi ọmọ ẹ̀ rúbọ, ọmọ náà, Ismaila, gbà, bàbá mú ọ̀bẹ, Ọlọ́run sì fi àgbò rọ́pò ọmọ. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ parí ẹ̀, mò ń retí "Àlhámdùlíláì".

Làmídì ní, "Lójú àlá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyá ọmọ yẹn ò pe ọlọ́pàá?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ò lè mọ ìdí tí àyà mi fi já. Lọ́hùn-ún, kí ọmọ kàn ṣèèṣì sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, kó fi orúkọ bàbá ẹ̀ sí àyè Ànábì, kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn obìnrin méjì tó gbé fáìlì dání á ti máa kan ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ yẹn, Làmídì kì í kí mi láàárọ̀ mọ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní ibi tó ti lè sá, á ní, "Dádì, àlá wo lẹ lá?" Màá ní mo lálàá pé mò ń jẹ ẹ̀bà. Á mí kanlẹ̀, á wá wọlé.

Kì í ṣe ẹ̀bi tiwọn. Níbi tí a wà, òfin ò gbà kéèyàn dúńbú ẹran ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni. Wàá sanwó fún alápatà, wọ́n á gbé Iléyá fún ẹ nínú páálí, gígé wẹ́wẹ́, kò lórí, kò nítàn. Ti Ìtúnu Ààwẹ̀ ló wá burú jù. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ wo ni mo fẹ́ gbà. Mo ní Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, ó dọwọ́ òṣùpá. Ó wò mí títí, ó ní kí òṣùpá kọ lẹ́tà wá.

Ìyàwó mi, ọmọ Kírísítẹ́nì láti Àgbádárìgì, rò pé tòun á rọrùn. Ó ṣàlàyé Àjíǹde kínníkínní: Jésù kú, ó jíǹde lọ́jọ́ kẹta. Àwọn ọmọ ní rárá, ehoro ló yé ẹyin, ẹyin ọ̀hún sì ní ṣokoléètì nínú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ká tètè máa bọ̀ nílé.

Bí a ṣe débí nìyẹn. Mo tún ń ṣàlàyé orúkọ ọdún fún wọn: Iléyá, ilé ti yá, àsìkò tó láti wá sílé. Àṣàkẹ́ ní, "Sátidé ni ilé yá, Dádì, ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì." Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Ó kàn ń ṣà á lọ.

Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, bóyá kí n má bàa tún ẹ̀sìn bàjẹ́. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, ìyẹn àwọn tó ti Èkó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní ká dúró ṣe Káyókáyọ̀, pé bí Iléyá bá lọ tán ni wọ́n ń ṣe é, ká jẹun yó, ká sì yọ̀. Ó ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá ni pé lọ́dún 1851, wọ́n fi àgbá inú ọkọ̀ ojú omi fọ́ Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ sì gba orí omi wá sí Ẹ̀pẹ́.

Làmídì, pẹ̀lú Yorùbá tó ń sọ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀, ní, "Ta ló lé wọn?"

"Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni."

Ọmọ náà ro ó títí. "Màmá Ẹ̀pẹ́, ṣé àwa ni?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi dà nù. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Inú ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ nìwọ wà. Bàbá ẹ ni mi ò mọ èyí tó wà."

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ ọdún. A ti Yídì dé, àáfà ṣe iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n pín ẹran sọ́nà mẹ́ta, tilé, tará àtọ̀rẹ́, taláìní. Àṣàkẹ́ sunkún, ó ní òun ò ní jẹ Kevin láéláé, kí wọ́n kó ìpín òun fún àwọn aláìní. Àáfà ní ọmọ yìí mọ ẹ̀sìn ju bàbá ẹ̀ lọ. Ẹja ló fi jẹun. Ẹ̀pẹ́ la sáà wà, kò sì tíì sẹ́ni tó sọ ẹja lórúkọ.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, àpótí wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Làmídì bi mí léèrè àlá, mo ní ẹ̀bà. Ó bá yí sí ìyá mi. "Màmá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ńkọ́, àlá wo lẹ lá?"

Ìyá mi ní, "Mo lálàá pé mo gba ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́wọ́ bàbá yín, ẹ ò padà mọ́."

Làmídì wò mí. Ó wo ìdí máńgòrò, níbi tí okùn Kevin ṣì wà. Ó wá rọra di ìyá mi lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. A máa fi àgbò rọ́pò."