Toyota náà máa ń bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù máa ń fi dí oníbàárà lẹ́nu: "Toyota mà ni!" Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Oníbàárà ò ní bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ mọ́, kò ní fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, kò sì ní béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíá kẹ́yìn. Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé Toyota kì í bàjẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àti pé àwọn ará Japan tó ń ṣe é ò mọ iṣẹ́ jákujàku ṣe.

Èmi náà fẹ́ràn Toyota o, kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ má tíì mú igi. Ọkọ̀ tó ń pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń pẹ́ àti ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá sì pa méjèèjì pọ̀ ló sábà máa ń pa ọkọ̀ rẹ̀ láìtọ́jọ́. Àwọn tó dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ gan-an ò fìgbà kan gbà pé ohun tí àwọn ń ṣe ò lè bàjẹ́. Yóò bàjẹ́ ni wọ́n gbà, òun ni wọ́n sì ṣètò dè.

Aṣọ ni ìdílé Toyoda, àwọn tó dá Toyota sílẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀. Sakichi Toyoda, tí wọ́n bí ní 1867, ló ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tí wọ́n ń pè ní Type G ní 1924. Bí òwú kan bá já lórí ẹ̀rọ yìí, fúnra rẹ̀ ló máa dúró. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ á máa hun ún lọ ni, títí ẹnì kan á fi rí i pé aṣọ ti bàjẹ́. Sakichi ò lérí pé òwú òun kì í já. Ó mọ̀ pé yóò já, ó sì wá bí àbùkù náà ò ṣe ní kọjá ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn níye lórí débi pé ilé iṣẹ́ Platt Brothers nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1929 láti san 100,000 pọ́n-ùn kí wọ́n lè lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe irú ẹ̀rọ náà.

Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, ló gbé ìdílé wọ inú iṣẹ́ ọkọ̀. Ní 1933 wọ́n dá ẹ̀ka ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ náà, nígbà tó sì di 1935 wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù G1 jáde. Ìkánjú wà níbẹ̀, torí ìjọba ń múra òfin kan tí yóò fún ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ díẹ̀ láṣẹ láti máa ṣe ọkọ̀ nílẹ̀ Japan, òfin yẹn sì jáde ní 1936. Kí ni ìkánjú fà? G1 ń kú sójú ọ̀nà ṣáá ni. Àwọn ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń sáré lọ bá a níbi tó bá kú sí, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, wọ́n á padà lọ yí i padà nínú èyí tí wọ́n bá tún máa ṣe. Àkọ́bí Toyota lójú títì nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Wàhálà wọn ò tán síbẹ̀. Ní 1950, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé iṣẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro sì fi ipò sílẹ̀. Ogun Kòríà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà ló yọ wọ́n, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń ra ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ wọn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni ti Crown. Ní 1957, Toyota gbé Toyopet Crown lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó lórúkọ ni nílé, torí wọ́n ṣe é fún ọ̀nà Japan ìgbà náà, tí kò dán, tí ènìyàn ò sì lè sáré púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó wúwo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì lágbára. Bó ṣe dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ Kalifóníà báyìí, àṣírí tú: bí wọ́n bá fẹ́ kó bá ẹgbẹ́ sáré, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná kọjá ààlà. Ní gbogbo 1958, Crown 287 péré ni wọ́n tà níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1960 wọn ò kó ọkọ̀ kéékèèké wá mọ́. Land Cruiser ló kù tó ń gbé orúkọ wọn. Ọdún 1965 ni wọ́n tó padà pẹ̀lú Corona tí wọ́n tún ṣe fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí Crown ní 1958 tó sì sọ pé lọ́jọ́ kan orúkọ Toyota á dà bí ẹ̀rí pé ọkọ̀ lágbára, wọn ì bá ní ó ti mutí yó.

Kí ló wá yí padà? Wọ́n gbé ọgbọ́n ẹ̀rọ ìhunṣọ wọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Taiichi Ohno, tí òun náà ti inú iṣẹ́ òwú wá, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Okùn kan wà níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àbùkù, ì báà jẹ́ ẹni tó kéré jù, á fa okùn náà. Ọ̀gá á sáré dé. Bí wọn ò bá rí ojútùú sí i kíákíá, iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, wọ́n á béèrè ìdí tí ìdí yẹn náà fi wáyé, Ohno ní kí wọ́n béèrè tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún kó tó rẹ̀ wọ́n. Ní 1965 wọ́n gba ẹ̀bùn Deming, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa sí nílẹ̀ Japan. Ṣé ilé iṣẹ́ tó gbà pé òun kì í ṣàṣìṣe ló máa so okùn àṣìṣe kọ́ sórí òṣìṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ tún wo Lexus, ọmọ ìyá Toyota tó ń wọ aṣọ olówó. LS 400 jáde ní 1989. Kò pẹ́, ní December ọdún yẹn kan náà, wọ́n pe gbogbo èyí tí wọ́n ti tà padà, nǹkan bí 8,000, torí àwọn oníbàárà méjì péré fẹjọ́ sùn, ọ̀kan nípa wáyà iná bíréèkì, èkejì nípa ẹ̀rọ tó ń di eré ọkọ̀ mú. Wọ́n lọ gbé ọkọ̀ nílé àwọn tó ni ín, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rọ epo kún un, wọ́n dá a padà. Àbùkù yẹn gan-an, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, wà lára ohun tó sọ Lexus di orúkọ.

Wọn ò sì fi gbogbo ìgbà hùwà báyẹn, ohun tí àwọn olólùfẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ rèé. Ẹ́ńjìnnì 1MZ-FE àti 5S-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ Camry, Sienna àti Lexus tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002 ní àrùn kan: ọ́ìlì inú wọn máa ń dì bí ọ̀dà, á dí ojú ihò tó yẹ kó gbà kọjá, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, wọ́n ní kò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ni. Àwọn onítọ̀hún kó rìsíìtì jáde. Ní 2002, Toyota ní òun á gba ìnáwó ọ̀ràn náà mọ́ra fún ọdún mẹ́jọ lórí nǹkan bí mílíọ̀nù 3.3 ọkọ̀.

Òmíràn tún ni 2AZ-FE, ẹ́ńjìnnì oní-lítà 2.4 tó wà nínú Camry 2007 sí 2009 àti RAV4 ìgbà náà. Tèyí ò tiẹ̀ jọ ti ọ́ìlì tó ń dì. Ńṣe ló ń mu ọ́ìlì. Ríìngì orí pístìnì tó yẹ kó máa gbá ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà ò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ọ́ìlì á wọ ibi tí epo ti ń jó, á sì bá a jó. Toyota fúnra rẹ̀ fi ìwọ̀n lélẹ̀: ọkọ̀ tó bá mu ju kúọ́ọ̀tì kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí lítà kan, láàárín 1,200 máìlì, nǹkan bí 1,900 kìlómítà, ti kọjá ààlà. Wọ́n pààrọ̀ pístìnì àti ríìngì fún àwọn tó bá ọ̀rọ̀ náà lásìkò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn ti kọjá. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ṣì wà káàkiri ayé, ó dán lójú, ó sì ń gbọ́ "Toyota mà ni" lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tà á. Bẹ́ẹ̀, ó lè má tú èéfín kankan tí ojú lásán máa rí títí ọ́ìlì á fi lọ sílẹ̀ pátápátá.

Ṣáásì Tacoma, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wọn, ńkọ́? Ìpẹtà jẹ ẹ́ débi pé irin lè fọ́, Toyota sì gbà ní 2016 láti parí ẹjọ́ tó kan Tacoma, Tundra àti Sequoia, ohun tí wọ́n ṣírò pé ó lè ná wọn tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ti kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ tó ń há mọ́ ìtẹ̀ eré àti ìtẹ̀ eré tó ń lẹ̀ ní 2009 sí 2010, ayé gbọ́ ọ. Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro, jókòó níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní February 2010, ó sì gbà pé eré tí àwọn fi ń gbòòrò ti pọ̀ jù. Ní 2014 wọ́n san bílíọ̀nù 1.2 dọ́là torí pé wọ́n ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2024, wọ́n tún pe Tundra àti Lexus LX tó ju 100,000 padà, torí ìfọ́ irin tó kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ti 2024 yẹn ló fi ohun tó ń mú Toyota pẹ́ hàn dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni, V6 oní-sílíńdà mẹ́fà tó rọ́pò V8 ńlá oní-sílíńdà mẹ́jọ tí Tundra ti ń lò bọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí Toyota fi ń borí ni pé kì í tètè pààrọ̀ nǹkan. Land Cruiser 70 jáde ní 1984, wọ́n ṣì ń ṣe é. Hiace tó jáde ní 2004 ṣì wà lọ́jà. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ báyẹn, wọ́n á ti rí àléébù rẹ̀, wọ́n á ti tún un ṣe, gbogbo mẹkáníìkì á ti mọ ibi tó ti ń dun ún, ẹ̀yà ara rẹ̀ á sì wà níbi gbogbo. Kì í ṣe pé kò bàjẹ́, àmọ́ bó bá bàjẹ́, kò ṣòro tún ṣe. Fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ọkọ̀, mo rò pé ìyẹn ló níye lórí jù.

Nǹkan mìíràn tó ń tan ojú wa ni pé ọkọ̀ tó kù là ń rí. Bí Camry 1998 kan bá kọjá lọ, a ó ní "ẹ ò rí i?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ti nọ́ọ̀kì wà níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀, wọn ò lè wá jẹ́rìí.

Ìgbàgbọ́ yìí sì ń ṣe ìpalára tí ènìyàn lè fojú rí. Mo ti pàdé ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn tó ní déédéé, tó wá fi ti Toyota rẹ̀ sílẹ̀ torí pé "kò nílò rẹ̀". Ọ́ìlì gíá tí wọ́n ń pè ní WS ni mo tún ń rí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì tó ń lò ó ò ní ọ̀pá ìwọn rárá, àwọn ènìyàn sì rò pé títí ayé ló wà fún. Ọ́ìlì tó ń gbóná lójoojúmọ́ ò lè wà bó ṣe wà títí ayé. Bí gíá bá ti ń já ẹnu, ó ti pẹ́ tó ti ń jìyà. Omi rádíétọ̀ aláwọ̀ píǹkì tí wọ́n ń pè ní Super Long Life náà ní ìwọ̀n: nǹkan bí 160,000 kìlómítà ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo 80,000. Àwọn tó ní Prius, ẹ rántí ojú ibi tí fáànù bátìrì ńlá ti ń fa atẹ́gùn, nítòsí àga ẹ̀yìn, àti fílítà kékeré tó wà níbẹ̀ bó bá ní in. Bí eruku bá dí i, bátìrì á máa gbóná, bátìrì tó sì ń gbóná kì í pẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ra èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lè tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, yóò sì rí i bí wọ́n bá ti pe ọkọ̀ náà padà rí tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì tún un ṣe. Ti 2AZ-FE tó ń mu ọ́ìlì ò ní hàn níbẹ̀, torí wọn ò fìgbà kan pè é padà. Ètò àtúnṣe lásán ni wọ́n ṣe fún un. Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì ló máa sọ ọ́. Ẹ fà á yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹni tó ń tà á tó tan ọkọ̀. Bó bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ìlì kún un lánàá, ẹ bi í ní mélòó ló rọ sí i, àti ìgbà tó rọ ọ́ kó tó di àná.