Irọ́ ni pé omi ló ń jẹ igi: fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé pákó sétí odò

Ẹ sọ fún ará Òṣogbo pé igi lẹ fẹ́ fi ṣe òpó ilé yín létí Odò Ọ̀ṣun, kíá ni wọ́n á ti dáhùn: "Omi á jẹ ẹ́." Bíríkìlà á sọ ọ́, láńlọ́ọ̀dù á sọ ọ́, ẹni tó ń kọjá lọ náà á dá sí i. Irọ́ ni. Omi kì í jẹ igi.

Olú ló ń jẹ ẹ́, irú èyí tó ń hù lára ìtì igi nínú oko. Olú ń fẹ́ ọ̀rinrin, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Tí ọ̀rinrin inú igi kò bá tó 20%, kò rí nǹkan mu. Tí igi bá sì wà lábẹ́ omi látọdún dé ọdún, kò rí afẹ́fẹ́ mí. Orí òpó igi tí wọ́n gbá wọ inú ẹrẹ̀ lábẹ́ omi ni ìlú Venice ní Ítálì jókòó lé, igi óákù, igi líle ilẹ̀ Yúróòpù, sì wà lára wọn. Ilé agogo San Marco wó níbẹ̀ lọ́dún 1902. Nígbà tí wọ́n yẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn òpó àtayébáyé yẹn ṣì le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láti gbé ilé tuntun.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn lọ gbá òpó igi sétí Ọ̀ṣun o. Ẹ̀ẹ̀rùn á fa omi sẹ́yìn, orí òpó á yọ síta, ibẹ̀ lolú á ti bẹ̀rẹ̀. Kọnkéré ni kó wà nínú ilẹ̀, kí igi bẹ̀rẹ̀ lókè.

Ibi tó ń rẹ lónìí tó ń gbẹ lọ́la ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ fa òpó ọgbà àtijọ́ yọ kí ẹ wò ó. Orí rẹ̀ le, ìdí rẹ̀ tó rì jìn sábà máa ń le díẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó ti bá ojú ilẹ̀ pàdé, ọ̀bẹ á wọlé bí ẹni ń gún ẹ̀bà. Kọnkéré tí wọ́n sì ń rọ mọ́ ìdí òpó "kó lè lágbára" tún ń dá kún un. Igi á súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àlàfo á là yí i ká, òjò á wọ ibẹ̀, kò ní rọ́nà jáde. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í sin òpó. Orí òkúta tàbí bàtà irin tó ga kúrò nílẹ̀ ló ń gbé e lé, á sì jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má baà máa nà án.

Bí àwọn tó ń fi óákù kọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tútù ni wọ́n máa ń lò ó. Wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, wọ́n á fi èèkàn igi dè é. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fún mọ́ra. Á là gbọọrọ gbọọrọ, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ìṣó lásán ni kò bá a rẹ́, torí tannin, oje kíkorò inú óákù, á mú un dípẹtà, igi á sì dúdú yí i ká.

Kò sídìí tí a ó fi kó óákù wọ̀lú. Ìrókò, apá àti òpèpè wà ní sọ́mìlì wa. Àárín igi ni kí ẹ rà. Èyí tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo, ìbáà jẹ́ ti ìrókò, kì í pẹ́, bẹ́ẹ̀ oníṣòwò á fẹ́ fi kún un fún yín. Ikán sì ni kí ẹ bẹ̀rù ju odò lọ. Tí òpó bá wà lórí òkúta, ẹ ó rí ojú ọ̀nà ẹrẹ̀ tí ikán ń mọ gòkè. Kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù ọ́ìlì tí wọ́n ń kùn sí i kì í wọnú, ìta ló ń dọ̀tí.

Ilẹ̀ àbàtà gan-an fẹ́ràn igi, torí kò wúwo tó búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ kò sí igi tàbí búlọ́ọ̀kù tó lè dá omíyalé dúró, yanrìn tí ẹ bá sì dà síbẹ̀ á kàn ti omi náà lọ sílé aládùúgbò ni. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé lọ́dún tó kún jù, kí ilẹ̀ ilé yín ga ju ibẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní ó dé ojú fèrèsé, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn.