Ènìyàn dúdú ti ṣọ́lé nínú họ́kì orí yìnyín, ó sì gba ife

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́, pé kò sí ènìyàn dúdú tó ṣọ́lé rí nínú họ́kì orí yìnyín, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ gbà yín gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọmọ Kánádà ni Grant Fuhr, ènìyàn dúdú sì ni. Ẹgbẹ́ Edmonton Oilers ní Kánádà mú un ní 1981, ó sì bá wọn gba Stanley Cup, ife NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1984 sí 1990. Nígbà tó dé ẹgbẹ́ St. Louis Blues ní Amẹ́ríkà, ìdíje 79 nínú 82 ló ti kópa ní sáà 1995 sí 1996. Kò tíì sí aṣọ́lé tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sáà kan nínú NHL. Ta ló tún ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí kò sí?

Ẹ tún ní ìdúró lásán niṣẹ́ aṣọ́lé. Háà! Rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ti dì nínú firísà ni wọ́n ń gbá sí i, ó sì lè sáré ju 150 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.